Ọmọ Tó Ń Sọ Pé Dáadáa La Wà

Ọmọbìnrin mi kò sọ "omi" rí kó tó sọ "Ẹ wò ó dáadáa, aṣọ yìí kì í ṣá." Àwọn ọmọ ẹlòmíì á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan, wọn á mú ìkejì, wọn á wá so ó pọ̀. Tèmi ò mọ irú ìyẹn. Odidi gbólóhùn ló ń gbé, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín gan-an, pẹ̀lú ohùn onítọ̀hún, pẹ̀lú ibi tó ti mí, pẹ̀lú ibi tó ti wúkọ́. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Makola ní Accra nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sábẹ́ tábìlì mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọjà ló kó jọ. Bó bá fẹ́ kí n wo òun, á ní, "Ẹ wò ó dáadáa, aṣọ yìí kì í ṣá." Bó bá fẹ́ kí n bu ìrẹsì kún tirẹ̀, á ní, "Ẹ fi èènì sí i, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà yín ni mí." Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn jù, á kígbe "Agoo! Agoo!" bí àwọn ọmọbìnrin aláàárù tó ń fi ẹrù la èrò kọjá. Bí omi ìwẹ̀ bá sì ti sú u, á pariwo bí èrò inú ọkọ̀ trotro tó ń ké sí kọ̀ńdọ́kítọ̀, "Mate, bus stop!" Èmi á gbé e jáde nínú báàfù. A ń gbọ́ ara wa yé, dé ìwọ̀n tí mo rò pé ó tó.

Obìnrin Ashanti tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Á ní, "Ọmọ yìí, Alata paa ni." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, paa túmọ̀ sí gidi, ohun tó sì ní lọ́kàn ni pé ọmọ náà mọ ọjà tà. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá délé tán, tí mo bá ti ilẹ̀kùn, tí ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni pé ilé mi kún fún àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀: oníbàárà, aláàárù, mate, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọmọ kékeré kan, tí ọ̀kankan nínú wọn kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀.

Àdúgbò Madina là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Ọkọ mi wà ní Tamale, lápá àríwá Ghana. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun máa lò níbẹ̀ láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn dúró ti ilé ìtajà rẹ̀, oṣù mẹ́ta yẹn sì di ọdún méjì. Èmi tí wọ́n gbé níyàwó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, mi ò ní ẹbí kankan ní Accra ju ẹbí rẹ̀ lọ. Àdúgbò Lagos Town ni wọ́n wà, láti ayé bàbá bàbá wọn. Bí mo bá lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ti tó mi. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìyá ọkọ mi ò ṣe ohun búburú kankan sí mi rí. Ó kàn máa ń wo ọmọ náà, á wò mí, á sì tún wo ọmọ náà padà.

Ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ mi kì í kí èèyàn. Nílé àwa Yorùbá, o lè má mọ̀wé, o lè má lówó, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí o sì dáhùn bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà rẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Accra, tí Yorùbá ẹnu wọn ò kún ọwọ́, tó jẹ́ Twi ni wọ́n fi ń jà tí wọ́n sì fi ń ṣeré, àwọn náà mọ "Ẹ káàárọ̀ mà". Tèmi á dúró ṣanṣan láàárín pálọ̀ ìyá ọkọ mi, á máa wo fáànù. Ìyá á ní, "Ṣé dáadáa ni, ọmọ mi?" Á ní, "Mate, bus stop!" Àwọn àbúrò ọkọ mi á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá á wá yíjú sí mi, á ní, "Ìyàwó mi, ṣé o máa ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ nílé ṣá?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Inú trotro ni mo ti máa ń sunkún rẹ̀ bí a bá ń padà lọ sí Madina.

Ṣé mo máa ń bá a sọ̀rọ̀! Ta ni mo tún rí bá sọ ọ́?

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Àsìkò tí iná ò dúró yẹn ni, tí gbogbo ìlú ń pè ní dumsor, fóònù mi kì í sì í pẹ́ kú, nítorí náà mo máa ń ṣọ́ ìwọ̀nba iná inú rẹ̀ de ìpè ọkọ mi. Bí mo bá kírun Mọ̀ǹgàríbì tán ló máa ń pè. Á ní, "Ṣé dáadáa lẹ wà?" Èmi á ní, "Dáadáa la wà, a dúpẹ́. Kò séwu." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ilé lè máa jó lẹ́yìn rẹ, bí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn bá ti béèrè, dáadáa lo wà. Ìyá tó bí mi lọ́mọ náà á pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀: dáadáa la wà. Lẹ́yìn tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, màá fi etí ìborùn mi bojú, màá sunkún mi tán, màá nu imú, màá sì dìde lọ gbé ìkòkò kaná. Ọmọ mi á jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa to ìdérí ìgò sí ìlà gígùn kan. Kì í gbójú sókè. Mo gbà pé kò rí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin ìlú wa kan yà lọ́dọ̀ mi lọ́jà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ mi lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Ṣé dáadáa ni, ìyá mi?" Ọmọ mi ní, "Dáadáa la wà, a dúpẹ́. Kò séwu."

Aṣọ tí mò ń wọ̀n bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn gbàdúrà fún un, ó ń bá tirẹ̀ lọ, mo sì sáré gbá a mú lápá pé kó jọ̀ọ́, kó tún bi í. Ó tún bi í. Ọmọ mi tún sọ ọ́, kedere, bí àgbàlagbà. Mo pe aládùúgbò mi, mo pe ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mo pe ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Kí ọjà tó tú, ọmọ náà ti sọ ọ́ tó ogún ìgbà, nígbà tí wọ́n bi í àti nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ó ká ẹsẹ̀ kò lábẹ́ tábìlì, ó ń sọ ọ́ sí ara rẹ̀. Kò jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán. Mo rí i pé kò jẹ ẹ́ tán, mo ní ayọ̀ ni kò jẹ́ kó jẹun.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì? Mo wọ aṣọ léèsì funfun fún ọmọ mi, mo di irun rẹ̀, mo gbé e lọ sí Lagos Town. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni, ilé kún. Mo fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá bi í, ó dáhùn. Ìyá fọwọ́ lé àyà. Ó ní Alihamudulilai, ó ní kí wọ́n pe àwọn ará ilé kejì wá. Ẹni kọ̀ọ̀kan wọlé, ẹni kọ̀ọ̀kan béèrè, ọmọ mi sì ń dá wọn lóhùn kíákíá, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri, níbi tí ògiri ti tutù, ó ń sọ ọ́ sí ògiri. Ìyá ní ara ọmọ náà fẹ́ gbóná. Mo ní oòrùn ọ̀nà ni. Ìyá mú ẹran kan nínú àwo tirẹ̀, ó fi sí tèmi níṣojú gbogbo wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nílé yẹn. Mo jẹ ẹran náà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo rí ọyún àti ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Etí ni.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní awọ inú etí náà ti bẹ́. Ó ní ìrora tó máa ń ṣáájú kó tó bẹ́, àgbàlagbà pàápàá máa ń yí nílẹ̀ fún un, ó sì ti tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kò bá mi wí o. Ó kàn béèrè bó ṣe yẹ kí èèyàn béèrè, "Ṣé kò sọ fún un yín pé ó ń dun òun ni?"

Mo ní, "Ó sọ pé dáadáa lòun wà."

Dókítà yìí ló darí wa sọ́dọ̀ obìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Gã, àgbà díẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ran àwọn ọmọ tó ń gba ọ̀nà mìíràn dé ìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò rò pé ó mọ iṣẹ́. Mo ti ń retí kó gbé àwòrán ajá àti ológbò jáde, kó ní kí ọmọ sọ "ajá". Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń gbọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú bí ogún, èmi náà jókòó, mò ń ro ọjà mi tí mo tì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ka gbogbo gbólóhùn tí ọmọ ń sọ fún òun, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Mo sọ ti aṣọ. Mo sọ ti èènì, ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti bus stop. Nígbà tí mo dórí "Dáadáa la wà", mo ní ìkíni ni, ìkíni Yorùbá.

Ó ní, "Ta ló ń sọ ọ́ nílé?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Lórí fóònù. Nírọ̀lẹ́."

"Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo wo bàtà rẹ̀. Obìnrin náà kò yára, ó dúró dè mí bó ṣe dúró de ọmọ mi, mo sì sọ fún un. Ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ní Accra pé mo máa ń sunkún.

Ó ní ọmọ yìí kò mú ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ-ẹyọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn ló gbé pọ̀: ohùn mi, ìborùn tó bo ojú mi, imú tí mò ń nù. Ní ti ọmọ mi, ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn bí nǹkan bá ń dùn ún. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń sọ fún wa, láti abẹ́ tábìlì títí dé ara ògiri Lagos Town, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì mí débi pé mo bínú sí obìnrin náà. Mo ní ṣé kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́ ni? Ó ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ní kí n ṣe kò ju báyìí lọ. Kí n má dán an wò mọ́, kí n má sọ fún un pé "sọ ọ́ kí n gbọ́". Kí n máa sọ ọ̀rọ̀ sí i létí bí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe sọ ọ́, kí n sọ "Ó ń dùn mí" dípò "Ṣé ó ń dùn ẹ́?", nígbà tí nǹkan náà bá ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n sì ní sùúrù. Ó ní èyí tó wù ú ló máa mú, èyí tó bá mú, lọ́jọ́ kan á tú u sí wẹ́wẹ́, á sì fi to tirẹ̀. Bí mo ti ń dìde, ó ní, "Maame, èyí tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí ẹ máa sọ. Èyí tí kì í ṣe òótọ́, kì í mú u."

Oṣù méjì péré ló kù kó wọ ilé ìwé. Ẹ̀rù ńlá ló bà mí. Mo máa ń rí i lọ́kàn mi, níbi tí ọmọ mi jókòó sí láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, tí nǹkan ń jẹ ẹ́ lára, tó ń dúpẹ́. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ gbá àga, mo di orúnkún mú, mo ní, "Yéè, ó ń dùn mí!" bí àwọn òṣèré inú fíìmù. Ọmọ mi wò mí fìrí, ó lọ jókòó síbòmíì. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orí, lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú inú. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, gbogbo ara ni mo ti fi ṣàìsàn. Obìnrin Ashanti náà bi mí bóyá kí òun bá mi wá àgbo.

Mo lọ sí Lagos Town lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgbà náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bi ọmọ náà léèrè àlàáfíà mọ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ìyá gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí èèyàn, ìwọ lo tún ní ká má kí i mọ́?" Mo dìde, mo lọ wọ trotro. Mi ò padà lọ fún ìgbà pípẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ mi pè. Ó ní, "Ṣé dáadáa lẹ wà?" Mo ti pinnu láti bí ọjọ́ mélòó kan pé màá dá a lóhùn lọ́nà mìíràn nítorí ọmọ. Mo ti to ohun tí màá sọ: màá ní orí ń fọ́ mi, màá fọwọ́ kan iwájú orí, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, orí fífọ́ kọ́ ló jáde. Mo ní, "Rárá. Kò dáa. Ó ń dùn mí. Èmi nìkan ni mo wà níbí." Ohùn mi ya níbẹ̀. Mo tún un sọ, gbogbo rẹ̀, láti "Rárá". Mi ò rántí ọmọ kankan mọ́ nígbà yẹn, kí n sọ òótọ́.

Ọkọ mi ní, "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ṣé etí ọmọ yẹn tún ni?"

Mo ní etí ti san.

Ó ní, "Kí ló wá dé?" Fóònù sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó pè padà lọ́jọ́ kejì. Ó rọra béèrè bóyá dáadáa la wà, bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ tó yọ̀, èmi náà sì ní a dúpẹ́, kí ara lè tù ú. Kò wá lóṣù yẹn. Ó wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó tún iná pálọ̀ ṣe, ó padà sí Tamale. Èèyàn dáadáa ni. Mo rò pé ó gbọ́ ohun tí mo sọ, kò kàn mọ ibi tó yẹ kó fi sí.

Ní ti ọmọ mi, kò wò mí lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Ó to ìdérí ìgò rẹ̀ tán, ó tú u ká, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo retí kó sọ "Ó ń dùn mí" lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sọ ọ́. Ó ṣubú, ó bó lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ó ní dáadáa la wà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ti bọ́ sílẹ̀ lásán ni.

Ó wọ ilé ìwé. Ilé ìwé kékeré kan ládùúgbò wa ni, tíṣà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń sọ Twi, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Mo ra ìwé kan, mo kọ gbogbo gbólóhùn ọmọ mi sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, mo kọ ohun tó ń fẹ́ bó bá sọ ọ́ síwájú rẹ̀. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ "Dáadáa la wà". Mo ní bó bá sọ èyí, kí wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Tíṣà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un, ó wò mí bí ẹni pé nǹkan ń ṣe mí. Mo ní bó bá tún sọ ohun tí kò sí nínú ìwé yìí, kó jọ̀ọ́, kó pè mí, ohun yòówù kí n máa ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó pè. Ọ̀sán ni, ọjà gbóná, ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ mi ń sọ nǹkan kan léraléra, òun wá a nínú ìwé, òun ò rí i, ó gùn jù fún òun láti pè. Ó ní kí n gbọ́ ọ. Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn.

Ohùn ara mi ni mo gbọ́. "Rárá. Kò dáa. Ó ń dùn mí. Èmi nìkan ni mo wà níbí." Ó sọ ọ́ títí kan ibi tí ohùn ti ya. Ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe tún un sọ.

Mo pariwo sí fóònù pé nǹkan ń dùn ún, kó wo ọwọ́, kó wo ẹsẹ̀, kó wo inú etí. Mo gbọ́ bó ṣe ń wá a. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti rí i, ẹ̀rún igi tábìlì ló gún un lábẹ́ èékánná, ìka náà ti wú, òun máa yọ ọ́ báyìí. Ọmọ mi figbe ta, ẹkún gidi, ẹkún ọmọdé. Èmi dúró láàárín ọjà, mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ mi, inú mi ń dùn.

Nígbà tó dákẹ́, tíṣà ní òun ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ kọ gbólóhùn náà sínú ìwé kó má baà sọnù, kí n máa pè é díẹ̀díẹ̀. Mo pè é fún un títí dé "Ó ń dùn mí", mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kó dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ṣì sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, Maame. Èyí tó kù ńkọ́?"

Mo ní, "Èyí tó kù, tèmi ni."